Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lójijì: kí ni mo lè ṣe fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, màmá. Ẹni ọdún 41 ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, páàtì mọ́tò ni wọ́n ń tà ní Gate. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn ló ti ń rẹ̀ wọ́n. A tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nímú wọn tí kò dá la sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù UCH, Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, dókítà pe ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní leukemia, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ni, irú èyí tó máa ń yára. A ò tíì sọ fún ọkọ wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kò tó. Ìyá ọkọ ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ní ká gbé ọmọ àwọn kúrò ní ọsibítù. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ní Olódó, àgbà wọn jẹ́ ọdún 11, àbíkẹ́yìn ọdún 4. Aṣọ ni mò ń rán ní Sángo, mi ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá débẹ̀, ẹkún ni mo máa ń sun, ẹ̀gbọ́n mi á tún wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Kí ni mo lè ṣe fún wọn? Ṣé ó yẹ ká sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ kú ìtọ́jú aláìsàn.

Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀jẹ̀ ń bá jà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò tíì rí ìyàwó aláìsàn kan tí kò rẹ́ni bá a kẹ́dùn. Abánikẹ́dùn máa ń kún bèbè. Ẹni tó máa ń wọ́n ni ẹni tó máa gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, tí kò ní máa padà wá bi í pé báwo ni kí òun ṣe é.

Mo rántí obìnrin kan tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù wa nígbà kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àlejò mẹ́tàdínlógún ni mo kà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbàdúrà, búrẹ́dì ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òkìtì. Nígbà tó di agogo méje alẹ́, a ké sí i pé kó lọ gba ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ wá. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo mọ́ nínú wọn. Ó gbé kúlà kékeré kan dání, ó dìde. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dúdú, ti òsì pupa. Bó ṣe sáré jáde nílé láàárọ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí i látàárọ̀. Ọdún ti gorí ọdún, bàtà méjì yẹn kò kúrò lójú mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ dá ọ lóhùn dáadáa.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àrùn náà jẹ́, torí ìwọ ni àwọn ará ilé máa bi. Inú mùdùnmúdùn egungun lara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló ń tibẹ̀ jáde: ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti platelet tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá bí a bá fara gbọgbẹ́. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, èyí tó funfun ló ń pọ̀ láìgbó, bí èpò ṣe ń bo oko ilá mọ́lẹ̀, tí kò ní sí àyè fún èyí tó wúlò. Ó ń rẹ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ torí pé ẹ̀jẹ̀ pupa ti lọ sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbóná torí pé ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó kò lè jà. Imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ torí pé platelet kò tó. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi nítorí ibà tí ẹ tọ́jú. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ tó báyìí, ibà ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Bí ẹ bá tún rí dókítà, ẹ béèrè orúkọ àrùn náà lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú èyí tó ń yára, méjì ló wọ́pọ̀, AML àti ALL. Ìtọ́jú ALL lè gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó parí. Ti AML kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń le lára jù: ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi oògùn kan sí i lára fún ọjọ́ 7 gbáko, wọ́n á sì fi òmíràn kún un fún ọjọ́ 3 nínú rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ múra sílẹ̀ fún bí oṣù kan ní ọsibítù níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tún fa mùdùnmúdùn egungun ìbàdí rẹ̀ wò, bóyá àrùn náà ti pòórá lójú ẹ̀rọ. Bó bá tilẹ̀ ti pòórá, ìtọ́jú kò tíì parí. Ẹ sọ èyí fún gbogbo ẹbí láti ìsinsìnyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń dáwọ́ dúró, wọ́n á ní ó ti yá, àrùn á sì padà wá.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé òun mọ aládùúgbò kan tó ní leukemia, oògùn oníhóró ló ń lò, ó sì ń lọ sọ́jà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Irú kan wà tó ń rìn jẹ́jẹ́, CML. Láti ọdún 2001 ni oògùn kan tí wọ́n ń pè ní imatinib ti wà fún un, ọsibítù OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ sì ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àrùn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ má torí rẹ̀ gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò níbi tó wà. Èyí tó ń yára kì í dúró de ìpàdé ẹbí. Ọjọ́ la fi ń kà á, kì í ṣe oṣù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Má bá a jà. Ọmọ tó gbé pọ̀n ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ẹni tí òun máa dá lẹ́bi ni. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, a kì í rí ohun kan pàtó tó fà á. Ìtànṣán tó pọ̀ lápọ̀jù lè fà á, benzene tó wà nínú pẹtiróòlù àti àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí ẹnì kan ti lò tẹ́lẹ̀ lè fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ohun tó ṣe é ní tirẹ̀. Kò ràn. Ìyàwó rẹ̀ kò fi oúnjẹ kó o ràn án. Bí wọ́n bá ní àrùn tuntun ni, láti 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní UCH níbí, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọsibítù náà. Wọ́n ti ń kọ àwọn aláìsàn Ìbàdàn síbẹ̀ kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé.

Àdúrà kò ba oògùn jẹ́. Kí wòlíì wá, kí àlùfáà wá, kí wọ́n fọwọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí o dúró lé lórí kò ju mẹ́rin lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sín gbẹ́rẹ́ fún un, torí ẹ̀jẹ̀ lè má dá, kòkòrò á sì gba ojú rẹ̀ wọlé. Kí wọ́n má fún un ní ẹ́nímà. Ìdí kan náà ni. Kí wọ́n má fún un ní àgbo tàbí omi tí a kò mọ orísun rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń gbé oògùn jẹjẹrẹ jáde lára, a ò fẹ́ di ẹrù méjì rù wọ́n. Kó má sì gbààwẹ̀. Bí ìyá bá ń kérora pé wọn kò jẹ́ kí òun ṣe nǹkan kan, fún un níṣẹ́ gidi. Mo mọ ìyá kan tó gbà láti máa gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fílásì ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ayé mọ́. Ohun tó ń bi wá ni pé, "Ṣé ó mu ún tán?"

O bi mí bóyá kí ẹ sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ ká fi í pamọ́, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa, tí gbogbo ẹbí á mọ̀ tán kí aláìsàn tó gbọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀ wá pé ká má sọ fún. A ní "ẹ̀jẹ̀ ni kò tó, bàbá." Lóru ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń pààrọ̀ omi tí ń kán sí i lára, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti mọ̀ tipẹ́. Jọ̀ọ́, má sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo mọ̀. Wọn ò ní lè gbà á." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá àti àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn sí ara wọn. Kò rí ẹni tó máa sọ fún pé ẹ̀rù ń ba òun. Àwọn náà kò ráyè bi í níbi tó kó ìwé ilẹ̀ sí.

Bí a bá tiẹ̀ fi ti ìfẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oògùn tó ń bọ̀ yìí máa jẹ́ kí irun orí rẹ̀ re, ó máa dá egbò sí i lẹ́nu, ó máa dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀. Ẹ kò lè ní ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Òun ló máa fọwọ́ sí ìwé. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, sọ pé kí àwọn olùtọ́jú jẹ́ kí aláìsàn mọ ohun tó ń ṣe é àti irú ìtọ́jú tó wà, ní èdè tó gbọ́, àfi bí ẹ̀rí gidi bá wà pé gbígbọ́ rẹ̀ kò ní ṣe é láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ má rọ́ ọ lù ú. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ dókítà pé kó wá jókòó, kó má dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni ìwọ gan-an rò pé ó ń ṣe ọ́? Ṣé o fẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, àbí díẹ̀díẹ̀?" Lẹ́yìn náà kí wọ́n dákẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó lè ya ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́nu pé ọkọ rẹ̀ náà ti ń fura. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ọkọ rẹ̀ bi dókítà bí oògùn náà ṣe máa kan ọmọ bíbí. Ẹ lè rò pé ọmọ mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó jẹ́ ọdún 11 ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ pé bàbá lọ sí ìrìnàjò. Ẹ sọ pé àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá, orúkọ rẹ̀ ni leukemia, oògùn rẹ̀ le, ó máa pẹ́ kó tó délé. Kí ẹ wá fi ohun méjì yìí kún un, torí àwọn ni ọmọdé kì í bèèrè: pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe ló fà á, àti pé kò lè ràn wọ́n. Kí ẹnì kan lọ bá olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń wúkọ́ tàbí éèyí ń mú un, kó má dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Jẹ́ kí n dé ibi tí ìwọ gan-an ti lè ṣe bẹbẹ láìlówó lọ́wọ́: ẹ̀jẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ kò mọ èpò yàtọ̀ sí ilá, méjèèjì ló ń pa lulẹ̀, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èyí tó dáa tó tún hù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀jẹ̀ àti platelet ni wọ́n á máa fà sí i lára, lọ́pọ̀ ìgbà. Báǹkì ẹ̀jẹ̀ á máa bèèrè ẹni tó máa fi tirẹ̀ rọ́pò. Ohun tí ẹbí máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó ọkùnrin mẹ́wàá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n tún ní kí ìyàwó wá ẹ̀jẹ̀, gbogbo àwọn mẹ́wàá ti fa tiwọn tán. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dúró tó oṣù mẹ́ta kó tó tún fa ẹ̀jẹ̀, obìnrin oṣù mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ pupa lè wà nínú fíríìjì fún bí ọjọ́ 35. Platelet kì í ju bí ọjọ́ 5 lọ, inú fíríìjì kọ́ ni wọ́n sì ń fi í sí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kó gbogbo ènìyàn wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ra ìwé ońlà kan. Lọ bá àwọn ọlọ́jà páàtì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gate, lọ bá ẹgbẹ́ aránṣọ tìrẹ, ìjọ wọn, àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́. Kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Pín wọn sí ọjọ́: méjì lónìí, méjì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn kan wà ní ìmúrasílẹ̀ fún òru. Kó jẹ́ ẹni tó ti pé ọdún 18 tí kò tíì ju 65 lọ, tó tẹ̀wọ̀n tó kílò 50, tí ara rẹ̀ dá, tó sì ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Sọ fún wọn ṣáájú pé wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú B àti C. Àwọn mìíràn á torí ìyẹn sá; má ṣe fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, má bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ má ra ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rìn gbéregbère lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn tó bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ tó máa lọ tààrà sí i lára. Bó bá ku ọ̀la tí wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀, láàárín wọn ni wọ́n á ti kọ́kọ́ wá ẹni tó bá a mu, ẹ̀jẹ̀ tó sì ti gbà lára wọn lè da ọ̀ràn náà rú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin láti bá a mu délẹ̀délẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú pípààrọ̀ yìí ní ọsibítù UBTH ní Benin láti 2011, ti aláìsàn ẹ̀jẹ̀ SS ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì gbé ìyẹn sọ́kàn báyìí.

Ìwé ońlà yẹn kan náà, yí i padà, kí o fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ohun tí dókítà bá sọ. Ọjọ́, orúkọ oògùn, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) tòní, platelet tòní, ohun tí wọ́n ní ká rà, iye tí a rà á. Bí ọkàn ẹni bá pòrúurùu, ọ̀rọ̀ dókítà kì í dúró létí. Fi ẹ̀dá rìsíìtì sínú ike kan. Bí àwọn ará bá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ láti bèèrè ara, gbà á lẹ́nu rẹ̀: kí ó jẹ́ pé ìwọ ni o ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp lálẹ́, ìlà mẹ́ta péré, ohun tí aláìsàn bá fọwọ́ sí nìkan.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn Medical Social Worker nínú ọsibítù náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí owó tó tán, ẹ má dúró dìgbà tó bá tán. Bí ó bá wà nínú ìbánigbófò ìlera, ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (OYSHIA) tàbí ti ìjọba àpapọ̀ (NHIA), kí wọ́n bèèrè ohun tó kàn án àti ohun tí kò kàn án. Ilé oògùn ọsibítù ni kí ẹ ti ra oògùn jẹjẹrẹ. Àwọn kan wà bíi vincristine tí wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ibi tútù, èyí tí ẹnì kan gbé sínú táksí Micra láti ọjà kan wá lè ti bàjẹ́ kó tó dé Mọ́kọ́lá. Bí ẹ bá fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú, kó jẹ́ àkáǹtì kan, kó jẹ́ pé aláìsàn mọ̀, kó sì gbà pé kí fọ́tò òun jáde.

Bó bá padà sílé láàárín ìtọ́jú kan sí èkejì, ra ìwọ̀n ìgbóná ara, kí wọ́n kọ́ ọmọ ọdún 11 yẹn náà bí a ṣe ń kà á. Bó bá ti di 38, ìrìnàjò ọsibítù nìyẹn, lóru tàbí lójò. Ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀lù kí ara rẹ̀ lè tutù. Ó máa bo ìgbóná náà mọ́lẹ̀ ni, àrùn á sì máa jẹ́ ẹ lọ lábẹ́. Ẹ má gbé e lọ sí kẹ́mísítì pé kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ibi tí mo ti rí àwọn tí ìtọ́jú ti ń lọ dáadáa fún tí wọ́n bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí: ìgbóná ara alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ní ká dúró di ọjọ́ Ajé. Ẹ gba nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìlẹ̀kùn. Aspirin àti ibuprofen, ẹ gbé e jù sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ kì í dá lára ẹni tó bá lò wọ́n bí platelet bá ti lọ sílẹ̀.

Oúnjẹ tó gbóná ni kó máa jẹ, tí wọ́n sè jinná lójú yín. Àmàlà kò ṣe é ní nǹkan, ewédú kò ṣe é ní nǹkan. Kó yẹra fún wàrà tí kò jinná, súyà etí títì, àti ẹ̀fọ́ tútù tí a kò sè. Èso tí ẹ fúnra yín bó ni kó jẹ. Bí ẹnu rẹ̀ bá dá egbò, omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló fi máa yọ ẹnu, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kó lò dípò pákò.

Bí egungun bá ń ro ó, ẹ sọ. Kì í ṣe ìwà akin láti máa fara da ìrora. Ẹ̀ka kan wà ní UCH tó ń rí sí ìrora àti ìtura aláìsàn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, Hospice and Palliative Care. Orúkọ náà máa ń já àwọn èèyàn láyà, wọ́n á ní ṣé ó ti di ti ẹni tó ń kú lọ ni. Rárá. Láti ọjọ́ kìíní ni èèyàn lè lọ síbẹ̀, wọ́n á sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ náà sọ̀rọ̀.

Ẹkún tí ò ń sun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Sun ún ní Sángo, sun ún nínú Micra, kí o bọ́jú kí o tó wọlé. Bí o bá sì sun ún lójú ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹ jọ sun ún, kí o má jẹ́ kó di pé òun ló ń gbé ọ mọ́ra. Má sọ fún un pé kó ṣe bí ọkùnrin. Má sọ ìtàn ẹni tó kú nínú rẹ̀ fún un, má sì búra fún un pé ọkọ rẹ̀ kò ní kú. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, bí ọmọdé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí ALL bá mú ló ń yè é lónìí. Ti àgbàlagbà kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè padà wá. Òótọ́ ni pé a ń rí àwọn tó ń yè é. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn. Èèyàn lè dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín òótọ́ méjèèjì.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó báyìí tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò sùn nílé? Àwọn ọsibítù wa kì í sábà jẹ́ kí ará ilé sùn nínú wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níta tó máa dáhùn nígbà tí nọ́ọ̀sì bá yọjú lóru tó ní, "Àwọn tó ni bẹ́ẹ̀dì kẹje dà?" Ìwọ lè jẹ́ ẹni yẹn lóru méjì lọ́sẹ̀. Kí àbúrò ọkọ rẹ̀ gba méjì, kí ẹnì kan láti ìjọ gba ọ̀kan. Mú aṣọ òtútù dání àti fóònù tí iná rẹ̀ kún.

Lálẹ́ òní, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀ lọ́la ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa dúró mọ́jú. Omi gbígbóná ti wà nílé, àwọn ọmọ ti jẹun. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ lọ sùn." Má fi ìbéèrè kankan kún un.